Káàdì Ọjọ́ Ìyá Láti Inú Agolo Káún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kó báàgì yín kúrò lórí tábìlì, kí ẹ jókòó dáadáa. Káàdì la fẹ́ ṣe fún àwọn ìyá wa lónìí. A kò ní ra ọ̀dà, a kò ní ra ṣítíkà, kò sì sí ẹni tí màá rán lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta káàdì lẹ́bàá títì. Ohun tí a ó lò ni kádíbọ́ọ̀dù funfun, ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, èyí tí àwọn ọlọ́jà tún ń pè ní tọ́mẹ́ríìkì, òdòdó zobo ẹ̀kúnwọ́ kan, káún tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, sípírítì tí wọ́n fi ń nu egbò, òwú, àti sítáàṣì díẹ̀. Bí àwọ̀ bá ti ń yọ lójú ìwé ni màá máa bi yín léèrè ìdí. Ẹni tí àwọ̀ tirẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ohun tó fà á, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí lójú mi.

Ọjọ́ wo la fẹ́ fún wọn? Àwọn ìjọ Áńgílíkà máa ń ṣe Sọ́ńdè Àwọn Ìyá ní Sọ́ńdè kẹrin nínú Lẹ́ńtì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Sọ́ńdè kejì nínú oṣù Karùn-ún, Amẹ́ríkà ló ti wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Jarvis ló ṣètò ìsìn ìrántí fún ìyá rẹ̀ tó ti kú, ní ìlú Grafton ní ìpínlẹ̀ West Virginia, lọ́jọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1908. Nígbà tó di 1914, Ààrẹ Woodrow Wilson fọwọ́ sí i kó di ọjọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò fi gba ọjọ́ náà mọ́ obìnrin yìí lọ́wọ́. Inú rẹ̀ kò dùn rárá sí káàdì títẹ̀ àti òdòdó tí wọ́n ń fi ọjọ́ náà tà, ó sì bá wọn fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 1948. Èmi gbè é lẹ́yìn o. Káàdì tí ẹlòmíràn ti kọ ọ̀rọ̀ sí, tí ọmọ kàn wá fọwọ́ sí nísàlẹ̀, kí ló kù tí ọmọ ṣe níbẹ̀? Ẹni tí ìyá rẹ̀ kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó fi tirẹ̀ dúró de Ìléyá tàbí ọjọ́ ìbí wọn. Ẹni tó bá sì jẹ́ bàbá ló fẹ́ ṣe é fún, káún kò mọ ìyá yàtọ̀ sí bàbá.

Ìwé la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ìdí ìwé ni ọ̀pọ̀ káàdì ti ń bàjẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan àwọ̀ rárá. Ẹ mú ìwé A4 kan, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: 210 mìlímítà ní ìbú, 297 ní gígùn. Ẹ fi 210 pín 297, ẹ ó rí 1.41. Ẹ wá ká ìwé náà sí méjì lọ́gbọọgba, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìbú di 148.5, gígùn di 210. Ẹ tún pín in: 1.41 náà ló tún jáde. Ìwé tó ti kéré sí ìdajì kò pa ìrísí rẹ̀ dà. Ẹ fi ìwé fúùlùsíkáàpù àtijọ́ dán an wò bí ẹ bá rí i nílé. Bí ẹ bá ti ká a sí méjì, á di ohun kúkúrú tó fẹ̀. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti fi ìwọ̀n A yìí lélẹ̀ ní ọdún 1922. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní A0, tí ìbú rẹ̀ lọ́nà gígùn rẹ̀ jẹ́ 1 m². Bí a bá gé e sí méjì, tí a tún gé ìdajì sí méjì, títí di ẹ̀ẹ̀kẹrin, A4 mẹ́rìndínlógún la ó rí.

Ìṣirò yẹn wúlò fún wa. Nọ́ńbà 80 tí ẹ ń rí lára páálí ìwé fọ́tókọ́pì túmọ̀ sí pé 1 m² ìwé náà wúwo tó gíráàmù 80. Ẹ fi 16 pín in: ìwé A4 kan jẹ́ gíráàmù 5 péré. Kò lágbára tó láti dúró lórí tábìlì yàrá ìyá yín. Bí fáànù bá fẹ́ sí i, á wó. Ẹ wá kádíbọ́ọ̀dù tó jẹ́ 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíráàmù 10 ni ọ̀kan nínú rẹ̀ yóò jẹ́, ó sì lè dúró.

Ẹ fa ìwé àtijọ́ kan ya báyìí, kí ẹ gbé etí ibi tó ya súnmọ́ ojú. Irun wẹ́wẹ́ tó yọ síta yẹn ni a ń pè ní fọ́nrán. Ara igi ló ti wá, ohun tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni sẹ́lúlóòsì. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé, wọ́n á se igi títí fọ́nrán rẹ̀ á fi tú, wọ́n á pò ó mọ́ omi púpọ̀, wọ́n á wá da omi náà sórí asẹ́ gbọọrọ kan tó ń sáré lọ síwájú láìdúró. Omi á jò lọ nísàlẹ̀, fọ́nrán á dùbúlẹ̀ lórí asẹ́. Bí koríko gbígbẹ ṣe máa ń kọrí síbi kan náà lójú àgbàrá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú fọ́nrán wọ̀nyí ṣe ń kọrí síbi tí asẹ́ ń lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwé tí ẹ̀rọ ṣe fi ní ọ̀nà tó rọrùn láti ká àti ọ̀nà tó ń ṣagídí.

Ẹ má kàn gba èyí gbọ́ torí pé tíṣà sọ ọ́. Ẹ gé kádíbọ́ọ̀dù kékeré kan, sentimítà 5 sí 5. Kí ẹ tó gé e, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i lára, kí ẹ sì fa irú ìlà kan náà sí ara kádíbọ́ọ̀dù ńlá tí ẹ ti gé e, kí ẹ lè mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi òwú tútù nu ojú kan rẹ̀, kí ẹ wá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ẹ dúró díẹ̀. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń ká bọ̀? Fọ́nrán tó bá mu omi máa ń sanra, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ga rárá. Ojú tí omi kàn ti fẹ̀, ojú kejì tó gbẹ kò fẹ̀, ìwé wá ká bí ọ̀pá sí ìhà ojú gbígbẹ. Ibi tí ọ̀pá náà na gígùn rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn fọ́nrán kọjú sí. Ibẹ̀ náà ni kí ìlà tí ẹ ó fi ká káàdì yín kọjú sí. Bí ẹ bá ká a lódìkejì, ẹ ń fi tipátipá ṣẹ́ fọ́nrán ni. Ẹ̀yìn káàdì á sán, irun funfun á yọ níbẹ̀.

Kí ẹ tó ká a, ẹ gbé rúlà lé àárín, kí ẹ mú báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, kí ẹ fi fa ìlà kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìlà yẹn á ti tẹ fọ́nrán rì sílẹ̀, ìwé á sì mọ ibi tó yẹ kó ti ṣẹ́. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Àìṣe é ló sì máa ń fa káàdì wíwọ́ jù lọ tí mo ń rí, torí àwọn ọmọ kì í fẹ́ ṣe é.

Ó yá, àwọ̀ ló kàn.

Ẹ bu ata ilẹ̀ pupa ṣíbí tíì kan sínú ìgò kékeré, kí ẹ da sípírítì ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lé e, kí ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa. Sípírítì ń gbiná o. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe èyí nítòsí sítóòfù tàbí àbẹ́là, kí àgbàlagbà kan sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹ̀fun á rọ̀ sísàlẹ̀, omi tó wà lókè á pọ́n rúsúrúsú. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, kí ẹ fi nu gbogbo iwájú káàdì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbẹ.

Kí ló dé tí a kò fi lo omi lásán? Ohun tó ń fún ata ilẹ̀ pupa ní àwọ̀ ni curcumin. Curcumin kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ nínú òróró àti nínú sípírítì. Ìdí kejì wà níbi kádíbọ́ọ̀dù tó ká ní àtẹ́lẹwọ́ yín lẹ́ẹ̀kan: omi á mú kí káàdì wọ́, sípírítì kì í mú fọ́nrán sanra tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń fò lọ kíákíá. Ìka yín á pọ́n fún ọjọ́ méjì, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ilé tí kò bá sí ata ilẹ̀ pupa, kọ́rì tí wọ́n fi ń se ìrẹsì lè ṣiṣẹ́ náà, torí ata ilẹ̀ pupa ló ń fún òun náà ní àwọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín yìí rí láìmọ̀. Ọmọ jẹ ìrẹsì díndín níbi ìnáwó, ó dà á sára aṣọ funfun. Wọ́n délé, ìyá rẹ̀ fi ọṣẹ sí ojú àbàwọ́n náà, ó fi ọwọ́ ra á, ohun tó jẹ́ ìyeyè tẹ́lẹ̀ wá pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ẹni pé ọmọ náà fara gbọgbẹ́. Ìyá figbe ta, ó tún fi ọṣẹ kún un, ó tún pọ́n sí i. Ìgbà tó fi omi púpọ̀ ṣàn án ló padà di ìyeyè. Aṣọ kò bàjẹ́. Ọṣẹ ló pàdé curcumin.

A ó lo ohun tó lágbára ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ díẹ̀. Ẹ lọ káún, kí ẹ dà á sínú ìdajì kọ́ọ̀bù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ rò ó, kí ẹ jẹ́ kí ìdọ̀tí rẹ̀ silẹ̀, kí ẹ wá rọra da omi mímọ́ tó wà lókè sínú ìkòkò kékeré mìíràn. Agbègbè Adágún Chad ni ọ̀pọ̀ káún tó ń dé ọjà wa ti ń wá. Iyọ̀ kan ni, èròjà sódíọ̀mù àti kábọ́nétì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa ń fi í sínú ewédú kó lè tètè rọ̀ kó sì yọ̀, wọ́n ń fi í se ẹ̀wà tó bá yigbì. Ẹ má jẹ́ kó ta sí yín lójú, kí ẹ sì fọ ọwọ́ tí ẹ bá ṣe tán.

Ẹ we òwú mọ́ orí igi ìtayín, kí ẹ rì í bọ omi káún, kí ẹ wá fi kọ “M” sára káàdì tó ti gbẹ. Ẹ má yára. Ẹ wò ó dáadáa: omi tí kò ní àwọ̀ kankan ló wà lórí igi, ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà tó kan ìwé, pupa ló yọ, pupa tó ṣú bí obì pupa. Ibi tí òwú bá ti fara kan nìkan ló ń pọ́n. Etí lẹ́tà náà á tàn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nítorí pé fọ́nrán ń fa omi náà lọ.

Ọmọ kan máa ń gbọ́wọ́ sókè níbí yìí lọ́dọọdún: “Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ṣé kì í ṣe pé káún ló ní pupa lára ni?” Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi ẹnu dáhùn rẹ̀. Ẹ mú kádíbọ́ọ̀dù funfun tí a kò fi nǹkan kan kùn, kí ẹ fi omi káún kan náà kọ “M” sí i. Kò sí ohun tó yọ. Ó hàn pé pupa yẹn kò sí nínú káún nìkan, kò sì sí nínú ata ilẹ̀ nìkan. Bí a ṣe ń bi ohun àdánwò léèrè nìyẹn: ẹ yọ ohun kan ṣoṣo kúrò, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ibo wá ni pupa ti wá? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó wọlé láti ojú fèrèsé yìí, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló para pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó bá ní àwọ̀ ń gbé apá kan mì nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó sì ń dá ìyókù padà. Ìyókù yẹn ni ojú wa ń rí. Curcumin ń gbé apá tó jẹ́ búlúù àti àyìnrín mì. Ohun tó ṣẹ́ kù tó dé ojú wa ló jẹ́ ìyeyè. Nígbà tí káún yọ́ sínú omi, ó di álíkálì, ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú omi náà ń wá háídírójìn tí yóò gbà. Mólékù curcumin ní háídírójìn létí tí kò dì mọ́ ọn pinpin. Omi káún já a gbà. Bí háídírójìn yẹn ti lọ, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú mólékù náà rí ààyè rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ tí mólékù náà ń gbé mì sì yí padà: ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nínú àwọ̀ ewé náà mì. Ìyókù tó padà sí ojú wa kò lè jẹ́ ìyeyè mọ́. Pupa ló kù.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún ìyá yín pé ẹ kun káàdì náà ní pupa. Curcumin kan náà ló wà lórí ìwé látìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ṣíbí, kí ẹ kán ẹ̀kán kan sí orí lẹ́tà pupa náà. Á padà sí ìyeyè lójú yín. Ásíìdì ló wà nínú ọsàn, ohun tí ásíìdì sì ń ṣe ni kó máa fi háídírójìn ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Curcumin gba tirẹ̀ padà. Ẹ tún fi káún sí i, á tún pọ́n. Mo máa ń jẹ́ kí kíláàsì ṣe èyí títí ìwé yóò fi rin gbingbin, torí mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé kò sí ohun tó jóná níbẹ̀, kò sì sí ohun tó parun. Ọ̀nà tó ṣeé lọ tó ṣeé bọ̀ ni.

Ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́ńmáàkì kan, Søren Sørensen, ló fún wa ní ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ásíìdì tàbí álíkálì ṣe lágbára tó. Ní 1909 ni, ibi àyẹ̀wò ilé ọtí Carlsberg ní ìlú Copenhagen ló sì ti ń ṣiṣẹ́. pH ni wọ́n ń pè é. Omi mímọ́ gaara wà ní 7. Ohun tó bá rẹlẹ̀ sí 7 jẹ́ ásíìdì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ sì máa ń wà nítòsí 2. Ohun tó bá ga ju 7 lọ jẹ́ álíkálì. Omi ọṣẹ máa ń wà ní bíi 9 sí 10. Ìṣísẹ̀ kan lórí ìwọ̀n náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ 7 sí 9. Ata ilẹ̀ pupa ń yí padà kété tí pH bá ti kọjá 7 díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí: kò mọ ọsàn yàtọ̀ sí omi. Ìyeyè náà ló ń fi hàn fún àwọn méjèèjì.

Zobo mọ̀ ọ́n. Ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ lé òdòdó zobo, kí ó kàn bò ó mọ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. A fẹ́ kó ki. Bó bá tutù, ẹ fi kun kádíbọ́ọ̀dù funfun mìíràn, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ kán ọsàn sí apá kan, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ kán omi káún sí apá kejì, á di búlúù tó ń lọ sí àwọ̀ ewé. Ohun tó ń ṣe èyí ni anthocyanin, tó wà nínú ọ̀pọ̀ òdòdó àti èso. Robert Boyle, ará Ireland tó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ irú rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọ̀ ní 1664: omi òdòdó fáólẹ́ẹ̀tì ló lò, ásíìdì sọ ọ́ di pupa, álíkálì sọ ọ́ di àwọ̀ ewé.

Ibí yìí ni káàdì wa ti ń dára lójú mi jù. Ẹ gé ewé méjì mẹ́ta láti ara kádíbọ́ọ̀dù tí a fi zobo kùn. Ẹ fi igi ìtayín ya òdòdó sí iwájú káàdì tó jẹ́ ìyeyè. Ẹ wá lo omi káún kan ṣoṣo, láti inú ìkòkò kan náà, fún òdòdó àti fún ewé. Òdòdó á pọ́n, ewé á di àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò bá mọ̀dí á rò pé ọ̀dà méjì lẹ fi pamọ́ síbì kan.

Ti inú káàdì tún yàtọ̀. Ẹ fi curcumin kùn ún bí ti iwájú. Bó bá gbẹ, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún wọn sí i, kí ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, bíi “MÀMÁ, Ẹ ṢEUN”. Ìyeyè lórí ìyeyè, kò ní hàn. Ẹ fi omi púpọ̀ lú omi káún kan kó má lágbára jù, kí ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, kí ẹ sì fún un. Lọ́jọ́ náà, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ wá fún wọn ní káàdì àti òwú náà pé kí wọ́n rọra fi tẹ inú rẹ̀. Gbogbo ojú ìwé á pọ́n, lẹ́tà nìkan ni yóò dúró ní ìyeyè. Ásíìdì tó gbẹ síbẹ̀ ló ń fi háídírójìn tirẹ̀ tẹ́ káún lọ́rùn, káún kò wá rí àyè fọwọ́ kan curcumin. Ṣùgbọ́n bí omi káún bá le jù, tàbí tí wọ́n bá fi òwú ra á, háídírójìn inú ọsàn á tán, lẹ́tà náà á sì pọ́n dànù mọ́ ìyókù. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù.

Ẹni tí èyí kò bá rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi àbẹ́là funfun kọ ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ásíìdì: ìda àbẹ́là kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ọgbọ́n yẹn làwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ń dá bí wọ́n bá fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í bọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá dì sí, aró kò ní mú un.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ ronú sí káàdì ata ilẹ̀. Ìwé sáyẹ́ǹsì kíláàsì keje tí àjọ ẹ̀kọ́ NCERT ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Íńdíà ti ní irú káàdì kan fún ìyá nínú rí, ọṣẹ sì ni wọ́n ní kí ọmọ fi ya òdòdó sí i. Ọṣẹ dúdú tiwa náà á ṣe é, torí inú eérú èèpo kòkó àti irú rẹ̀ ni álíkálì tí wọ́n fi sè é ti jáde, ṣùgbọ́n àwọ̀ tirẹ̀ á kó ìdọ̀tí bá iṣẹ́ yín. Kọ́sítíìkì sódà ni n kò fẹ́ gbọ́ rárá. Òun náà á sọ curcumin di pupa, á sì bó yín lọ́wọ́.

Gọ́ọ̀mù kò ní pẹ́ wa. Ẹ fi omi tútù po sítáàṣì kí ẹ tó gbé e kaná. Bí ẹ bá da ìyẹ̀fun gbígbẹ sínú omi gbígbóná, ìta rẹ̀ á wú, á dí, inú rẹ̀ á sì wà ní gbígbẹ, kókó nìyẹn. Bó bá ti gbóná tó bíi 60 sí 70 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, hóró sítáàṣì á mu omi, á wú, á bẹ́, omi náà á sì ki. Glúkóòsì ni ẹ̀wọ̀n sítáàṣì, glúkóòsì náà ni ẹ̀wọ̀n sẹ́lúlóòsì inú ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di ara wọn mú pinpin bí omi bá ti fò lọ. Ẹ fi ìwọ̀nba lẹ ewé yín mọ́ káàdì. Aáyán fẹ́ràn sítáàṣì bí ẹ̀yin náà ṣe fẹ́ràn oúnjẹ.

Ẹ fi káàdì sí abẹ́ ìwé wúwo di ọjọ́ kejì kó lè nà. Kí ẹ sì sọ fún ìyá yín pé kí wọ́n má gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé: ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń fọ́ curcumin, ìyeyè náà á ṣá. Àwọ̀ ewé tó wà lára zobo kì í pẹ́ rárá, álíkálì fúnra rẹ̀ ń ba anthocyanin jẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì padà di àwọ̀ ilẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Inú Bíbélì, inú Kùránì tàbí inú àpótí aṣọ ló dára jù fún un. Orúkọ yín àti ọdún, ẹ̀yìn káàdì ni kí ẹ kọ ọ́ sí, pẹ́ńsù ni kí ẹ sì fi kọ ọ́. Yíǹkì báírò lè ṣá. Kábọ́ọ̀nù ló wà nínú pẹ́ńsù, oòrùn kì í rí i ṣe.